Ẹ-Dìde àti Òfin Mẹ́tàlá Ìsanwó

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ilé tí ọkùnrin yìí ti jáde, nítorí òun fúnra rẹ̀ kì í sọ ọ́ bó ṣe rí.

Kọ́ńdọ́kítọ̀ ni bàbá rẹ̀. Bọ́ọ̀sì kẹsàn-án ló bá ṣiṣẹ́, èyí tó ń ti ẹ̀yìn ilé-ìwòsàn lọ sí ibùdókọ̀ ńlá tó sì ń padà, fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ní bọ́tìnì idẹ mẹ́jọ. Ó máa ń gbé àpò awọ kọ́ èjìká fún owó, ó sì máa ń mú ẹ̀mú irin kékeré kan dání tó fi ń lu tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀mú àwọn kọ́ńdọ́kítọ̀ yòókù ń dá ihò roboto. Ti bàbá yìí ń dá ihò ìràwọ̀. N kò mọ ibi tí ilé-iṣẹ́ ti rí irú rẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó wọ bọ́ọ̀sì kẹsàn-án láyé ìgbà náà tí kò mọ ìràwọ̀ yẹn. Àwọn mìíràn á jókòó pa sí ibùdókọ̀, wọ́n á ní àwọn kò ní í wọ ọkọ̀ kankan àfi ti bàbá oníràwọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nípa bàbá yìí ni bó ṣe ń gbowó. Kò dá ẹnikẹ́ni dúró. Ẹni tó mú owó wẹ́wẹ́ wá, ó gbà á. Ẹni tó mú owó ńlá wá, ó wá ṣéńjì fún un. Ẹni tí ẹrù kún ọwọ́ rẹ̀ tí kò lè ki ọwọ́ bàpò, bàbá á ní, "Jókòó ná, owó á dé." Á kọjá lọ sẹ́yìn ọkọ̀, á gbowó àwọn tó wà níbẹ̀, nígbà tó bá fi máa padà, owó á ti dé lóòótọ́. Nínú ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, àwọn tó sá lọ láìsan kò pé ogún. Ó máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ nílé, ó sì máa ń dárúkọ méjì nínú wọn.

Ọmọ méjì ló bí. Obìnrin ni àkọ́bí, agbẹ̀bí ni, ó ti fẹ̀yìntì báyìí. Ọkùnrin ni ìkejì. Bọ́tìnì ni wọ́n ń pè é nílé, nítorí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, kò sí ohun tó ń dá ẹkún rẹ̀ dúró àfi kí bàbá gbé e lé ẹsẹ̀, kó máa ka bọ́tìnì aṣọ iṣẹ́. Kò kà á dé mẹ́jọ rí. Ó máa ń sùn lọ ní márùn-ún.

Bọ́tìnì kàwé, ó gboyè, ó ríṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ kóòtù. Bí kóòtù rẹ̀ ṣe ń nípọn sí i ni iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ń ga sí i lẹ́nu rẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, bàbá òun "wà ní ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì." Lọ́dún karùn-ún, ó "wà lára àwọn tó ń darí ọkọ̀." Nígbà tó fi máa pé ọdún kẹwàá, bàbá ti di Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Gbogbo Bọ́ọ̀sì, bàbá tó jẹ́ pé bí dírẹ́bà bá tẹ bíréèkì lójijì, àfi kó yáa di ọ̀pá ọkọ̀ mú.

Nígbà tí bàbá kú, wọ́n fẹ́ palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n ní kí àbúrò dúró de òun di ọ̀sán. Àbúrò kò dúró. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ oníkóòtù ń bọ̀ wá kí i, kò sì fẹ́ kí wọ́n bá fìlà kọ́ńdọ́kítọ̀ níbẹ̀. Ó pe ọkùnrin kan tó ń ra ohun àlòkù kiri àdúgbò, ó ní kó gbé páálí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ. Kò tilẹ̀ ṣí i wò. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n dé, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Bọ́tìnì, ẹ̀mú bàbá wa dà?"

"Ẹ̀mú wo?"

Ọdún mọ́kànlá ni ìbéèrè yẹn fi wà láàárín wọn. Wọn kò jà. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ẹ̀gbọ́n bá pè é lórí fóònù, tí wọ́n kíra wọn tán, á ní, "Ẹ̀mú bàbá wa ńkọ́?" Àbúrò á ní, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa níbí o."

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ tí Bọ́tìnì wá di ọ̀gá sí ń lu ohun àtijọ́ ní gbàǹjo lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ní sítáǹbù lẹ́tà ayé ọjọ́un, tàbí aago àpò, tàbí mọ́tò ìṣeré tí ọ̀dà ara rẹ̀ kò tíì bó, á gbé e wá sí ọ́fíìsì wọn. Wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀ sórí ìkànnì. Àwọn tó ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ á máa fowó lé e láti orí fóònù wọn níbi yòówù kí wọ́n wà láyé. Kò sẹ́ni tó ń rí orúkọ ẹnì kejì, nọ́ńbà nìkan ni wọ́n ń rí. Bí àkókò bá ti pé, ẹni tí owó rẹ̀ ga jù ló ni ín.

Kí Bọ́tìnì tó dé, sísanwó níbẹ̀ kò nira ju kí èèyàn húkọ́ lọ. Ẹni tó fẹ́ fi káàdì san, ó fi káàdì san. Ẹni tó fẹ́ fi ránṣẹ́ láti báńkì, ó fi ránṣẹ́. Ẹni tó ra ohun tó wọ́n, wọ́n gbà kó pín in san lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹrù rẹ̀ ti wà lọ́nà. Ilé-iṣẹ́ ń jèrè, ẹni tó ń tà ń rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń rà ń padà wá. Ẹ̀yin náà rí i pé irú rúdurùdu bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fara dà.

Alága ilé-iṣẹ́, ìyá àgbàlagbà kan tí sítáǹbù rẹ̀ pọ̀ ju irun orí rẹ̀ lọ, ló fi Bọ́tìnì ṣe Ọ̀gá Àgbà fún Ìsanwó. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko. Alága ti sùn lọ ní ìdajì, nígbà tó sì jí, ojú tì í láti sọ pé òun kò gbọ́.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọṣẹ́, ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́," ó ní, "mo ti wo bí owó ṣe ń wọlé síbí, omijé bọ́ lójú mi. Owó ń yọ́ wọlé bí olè! Ẹnì kan á dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, tòun ti ṣòkòtò ìsùn, á fi ìka kan tẹ fóònù, á ní òun ti sanwó. Ta ló rí i? Ta ló kí i káàbọ̀? Ṣé owó tí a kò dìde fún, owó ni ẹ̀ ń pè é? Bàbá mi, Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Gbogbo Bọ́ọ̀sì, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń wo owó kí wọ́n tó gbà á!"

Igbákejì rẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní Bẹ́ẹ̀-ni-Sà, fò dìde, ó ń pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀ẹ̀mejì, sà! Kí n má parọ́, á tó ẹ̀ẹ̀mẹta, sà!"

"Ṣé o mọ bàbá mi ni?"

"Bí mo ṣe ń wò yín báyìí, sà, mo ti mọ̀ wọ́n."

Báyìí ni Òfin Mẹ́tàlá Ìsanwó ṣe bẹ̀rẹ̀. N kò ní í ka mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá fún yín, ẹ ò ṣẹ̀ mí. Èyí àkọ́kọ́ fagi lé káàdì, ó fagi lé fífi owó ránṣẹ́, ó fagi lé pípín in san. Ẹni tó bá rajà gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, láàárín aago mẹ́wàá sí méjìlá, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀kì tí báńkì lu òǹtẹ̀, fọ́tò mẹ́ta, àti lẹ́tà láti ọwọ́ ẹnì kan tó lè jẹ́rìí pé ó ń hùwà dáadáa. Òfin kẹfà ní kò sí ọwọ́ mìíràn tó gbọdọ̀ gba owó àfi ọwọ́ Ọ̀gá Àgbà. Òfin keje ní ẹni tó ń san àti ẹni tó ń gbà gbọ́dọ̀ dìde dúró, kí ẹni tó ń gbà sì bi ẹni tó ń san pé, "Ta ni yín? Ta ni bàbá yín? Iṣẹ́ wo ni wọ́n ṣe?" Ó ní bí a ò bá mọ ilé tí owó ti wá, báwo la ṣe fẹ́ mọ bí a óò ṣe kí i? Òfin kẹjọ ní ẹni tí kò bá san títí aago méjìlá fi lù, ọjà rẹ̀ di ti ẹni tó fowó tẹ̀ lé e. Òfin kọkànlá ní a kò lè yí òfin kankan padà àfi lẹ́yìn ọjọ́ méje tí Ọ̀gá Àgbà bá ti sọ̀rọ̀ lé e lórí.

Wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa. Wọ́n gbé agogo kékeré sórí tábìlì. Bí ó bá ti lu agogo, Bẹ́ẹ̀-ni-Sà á lọgun pé, "Ẹ dìde!" Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn òṣìṣẹ́ fi gbàgbé orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ-Dìde ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Lójú rẹ̀, wọ́n kàn ń dìde ni.

Ẹ wá wo ohun tí ojú àwọn oníbàárà rí. Dókítà eyín kan láti òkè òkun ra mọ́tò ìṣeré kan. Ó wọ ọkọ̀ òfuurufú méjì, ó dé ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta. Wọ́n ní mọ́tò ti lọ. Dókítà dúró sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó la ẹnu sílẹ̀ gbàgà, bó ṣe máa ń ní kí àwọn ẹlòmíràn là á. Obìnrin kan tún wá sanwó aago àpò. Wọ́n bi í pé ta ni bàbá rẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n, òun kò sì rò pé aago náà bìkítà. Ẹ-Dìde wọnú yàrá lọ, ó ronú fún wákàtí kan. Nígbà tó jáde, ó pàṣẹ pé kí wọ́n yá obìnrin náà ní bàbá Bẹ́ẹ̀-ni-Sà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Obìnrin náà lo bàbá náà, ó sanwó, ó dá a padà, wọn kò sì tún gbúròó rẹ̀ mọ́.

Òfin kẹtàlá ńkọ́? Obìnrin tó ń di ẹrù ní ilé-iṣẹ́ ló fà á. Ó ra bèbí onígi kan fún ara rẹ̀, ó sì kọ rìsíìtì rẹ̀ fúnra rẹ̀ nítorí pé òun ló ń kọ rìsíìtì lọ́jọ́ náà. Owó pé, kò sí màgòmágó kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ẹ-Dìde pariwo bí ẹni tí iná jó. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: "Ẹni tó ń san kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń gbà, bó ti wù kó ga tó." Ó fi "bó ti wù kó ga tó" kún un nítorí pé ó dùn ún gbọ́ létí.

Ayẹ̀wé-owó-wò ilé-iṣẹ́ ló ń kọ ọ́ sílẹ̀, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí pẹ́ńsùlù rẹ̀ máa ń mú ṣáṣá.

"Sà," ó ní, "bí ẹ̀yin fúnra yín bá fẹ́ ra nǹkan ńkọ́? Ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń gbowó."

"Èmi kẹ̀? Kí ni mo fẹ́ fi ẹrù àlòkù ṣe?"

"Mo kàn ń béèrè ni, sà." Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Nígbà tó fi máa tó oṣù mẹ́rin, yàrá ẹrù ti kún dé àjà. Àwọn tó fẹ́ rajà ti sá lọ sọ́dọ̀ àwọn ilé gbàǹjo tó gbà kí èèyàn sanwó lórí ìjókòó. Bẹ́ẹ̀-ni-Sà ló kọ ìròyìn fún ọ̀gá rẹ̀: "Àwọn oníbàárà ti ń bọ̀wọ̀ fún wa débi pé wọn ò fẹ́ sún mọ́ wa mọ́, sà."

"Ó ti yẹ bẹ́ẹ̀ tipẹ́," Ẹ-Dìde dáhùn.

Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò fọwọ́ lẹ́rán. Láàárọ̀ Sátidé kọ̀ọ̀kan fún ọdún mọ́kànlá, á fi awò sójú, á mú fóònù rẹ̀, á wọ ìkànnì gbogbo ilé gbàǹjo tó mọ̀, á tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé: ẹ̀mú tíkẹ́ẹ̀tì, ihò ìràwọ̀. Kì í rí nǹkan kan. Á pa fóònù, á lọ fọ aṣọ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó rí i.

Irin ọwọ́ rẹ̀ ti dán níbi tí àtàǹpàkò bàbá máa ń wà. Orúkọ bàbá wà níbẹ̀, tó fi ìṣó kọ fúnra rẹ̀, lẹ́tà tó kẹ́yìn wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí pé ọkọ̀ wọ kòtò lọ́jọ́ tó ń kọ ọ́. Obìnrin náà fi ìka fa fọ́tò náà tóbi sí i. Lẹ́yìn rẹ̀, ní àárín pálọ̀, omi ń kán láti òrùlé sínú bàsíà. Ó ti tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì oṣù mẹ́rin láti fi tún òrùlé yẹn ṣe. Ó wo bàsíà, ó wo fóònù. Ó pe àbúrò rẹ̀.

"Bọ́tìnì, ṣé dáadáa lo wà? Mo fẹ́ ra nǹkan kan níbi iṣẹ́ yín."

"Ẹ̀gbọ́n mi, bó bá di ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ẹ má pè mí ní Bọ́tìnì mọ́."

"Èmi ò sí níbi iṣẹ́, ilé mi ni mo wà. Bí mo bá rà á, ṣé mo lè fi owó ránṣẹ́ láti báńkì? Orúnkún mi ń yọ mí lẹ́nu, ọkọ̀ méjì ni mo máa wọ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín."

"Òfin ni òfin, ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá ṣojúsàájú, kí ni wọ́n á sọ?"

"Ṣé kí n pín in san?"

"Ẹ mú ṣẹ́ẹ̀kì dání, fọ́tò mẹ́ta, lẹ́tà ẹ̀rí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ má kọjá aago méjìlá o."

"Ó dáa. Bàbá wa ì bá ti ní kí n jókòó ná." Ó gbé fóònù sí etí kejì. "Ẹ̀mú wọn ńkọ́?"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa níbí o."

Kò bi í ní ohun tó fẹ́ rà. Bó bá bi í ni, mi ò bá má rí nǹkan kọ.

Ní ọjọ́ Ajé, Bẹ́ẹ̀-ni-Sà sáré wọ ọ́fíìsì tayọ̀tayọ̀. "Sà! Ẹ wá wò ó! Orúkọ bàbá yín wà lára ọjà wa kan!"

Ẹ-Dìde wo kọ̀ǹpútà. Ó rí ẹ̀mú. Ó kà á pé: "Ti kọ́ńdọ́kítọ̀ bọ́ọ̀sì kẹsàn-án." Ó rí orúkọ tí wọ́n fi ìṣó kọ, tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Orúkọ yẹn gan-an ni wọ́n fi ọ̀dà góòlù kọ sára ògiri lẹ́yìn àga rẹ̀, pẹ̀lú Ọ̀gá Àgbà Pátápátá nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Orúkọ ló kàn jọra," ó ní.

"Ó jọra gan-an, sà. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló jọra."

"Jáde."

Bó ṣe jáde tán, Ẹ-Dìde pinnu pé àfi kí òun ra ẹ̀mú náà kí ẹlòmíràn tó gbé e síwájú ayé. Á rà á, á jù ú sínú dúrọ́ọ̀, á tì í pa. Òfin ara rẹ̀ kò wá sí i lọ́kàn. Ẹni tó ń ṣòfin kì í sábà rò pé òun náà ní ẹsẹ̀ tí òfin lè kọ́.

Ọ̀sán Jímọ̀ ni gbàǹjo náà yóò parí. Ẹ-Dìde ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó mú fóònù rẹ̀. Òun ni nọ́ńbà kẹrìnlá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó ti bàsíà nílé. Òun ni nọ́ńbà ogún. Àwọn tó kù ti jáwọ́ kí aago mẹ́ta tó lù. Ó wá ku àwọn méjèèjì. Ogún fowó lé e, kẹrìnlá fi kún un. Ogún tún fi kún un, kẹrìnlá ò gbà.

"Ta ni wèrè yìí?" Ẹ-Dìde ké nínú ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ta ni wèrè yìí?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ bàsíà. Ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn kan náà, ìṣẹ́jú kan náà. Ọmọ ìyá ni wọ́n lóòótọ́.

Ẹ̀gbọ́n kó owó òrùlé lé e pátá, oṣù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò ku kọ́bọ̀. Àbúrò fi ìwọ̀nba tó kéré jù tí ìkànnì gbà lé orí rẹ̀. Àkókò pé.

Obìnrin náà dojú fóònù dé. Kò sunkún, kì í ṣe ẹni tó ń sunkún, ṣùgbọ́n ó da omi bàsíà nù nígbà tí kò tíì kún. Nígbà tó padà jókòó, iṣẹ́ ti dé sórí fóònù: "Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ lé e. Gẹ́gẹ́ bí òfin kẹjọ, ẹ múra sílẹ̀ bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá san." Ní ọjọ́ Ajé, ó lọ ya fọ́tò, ó gba ṣẹ́ẹ̀kì ní báńkì, ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó gbẹ̀bí fún sì kọ lẹ́tà ẹ̀rí olójú ewé mẹ́ta fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé. Ẹ-Dìde fẹ́ yára sanwó ní aago mẹ́wàá géérégé, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó. Ṣùgbọ́n aago mẹ́wàá kò tíì lù tí Alága fi wọlé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ayẹ̀wé-owó-wò ti fi yàrá ẹrù hàn án.

"Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ," Alága ní, ó jókòó sí igun. "Ẹ ṣe bí ẹni pé n kò sí níbí. Mo ti sun oorun tèmi wá láti ilé."

Ẹ-Dìde dúró dè é kó lọ. Kò lọ. Aago mọ́kànlá lù. Aago mọ́kànlá ààbọ̀ kọjá. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó lu agogo.

"Ẹ dìde!" Bẹ́ẹ̀-ni-Sà lọgun. Gbogbo wọn dìde, Alága náà dìde, ó ń ráhùn nípa ìbàdí rẹ̀.

"Kí ẹni tó fẹ́ sanwó bọ́ síwájú," Ẹ-Dìde ní. Ó wá rọra yípo tábìlì, ó bọ́ síwájú. Kò sẹ́nì kan ní òdìkejì. Ó tún yípo padà.

"Ta ni yín?" ó bi àyè òfìfo.

Ó yípo. "Èmi ni."

Ó yípo padà. "Ta ni bàbá yín?"

Ó yípo, ó dárúkọ bàbá rẹ̀. Ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó padà sẹ́yìn tábìlì, ó ní, "Iṣẹ́ wo ni wọ́n ṣe?" Ó wá dúró síbẹ̀, ó ń wo ibi tí ìdáhùn ti yẹ kó wá, àfi bí ẹni pé òun náà fẹ́ gbọ́ ọ.

"Ẹ̀yin lẹ máa lọ dáhùn, sà," Bẹ́ẹ̀-ni-Sà rán an létí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ó yípo. "Iṣẹ́... ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ni."

"Ẹ sọ ọ́ sókè," Alága ní. "Etí mi kò gbọ́ràn dáadáa."

Ayẹ̀wé-owó-wò dìde pẹ̀lú fáìlì rẹ̀. "Ẹ dákun, sà. Òfin kẹtàlá. Ẹni tó ń san kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń gbà, bó ti wù kó ga tó."

"Ó dáa! Igbákejì mi á bá mi gbà á."

Bẹ́ẹ̀-ni-Sà ya ẹnu. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò sọ rí láti ọjọ́ tó ti wọṣẹ́. Ó jáde lẹ́nu rẹ̀ wín-ín-wín-ín. "Rárá, sà. Òfin kẹfà, sà. Ọwọ́ yín nìkan."

"Mo yí i padà lónìí!"

"Òfin kọkànlá," ayẹ̀wé-owó-wò ní. "Ó di ọjọ́ méje, lẹ́yìn tí ẹ bá sọ̀rọ̀."

"Màá sọ̀rọ̀ nísinsìnyí!"

"Rárá o," Alága ní. "Mo ti gbọ́ ọ̀kan."

Aago ara ògiri lu méjìlá. Ayẹ̀wé-owó-wò ṣí ilẹ̀kùn. "Kí ẹni kejì wọlé."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé, ó ń fi ẹsẹ̀ kan tiro, báàgì lábẹ́ apá. Ó wo iwájú, ó dúró.

"Bọ́tìnì! Àbí ìwọ ni wèrè yẹn?"

Ẹ wo ojú àwọn òṣìṣẹ́. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ń wá orúkọ tó bá ọ̀gá wọn mu ju Ẹ-Dìde lọ.

"Ẹ máa bi wọ́n, sà," ayẹ̀wé-owó-wò ní. "Òfin keje."

Ẹ-Dìde padà sẹ́yìn tábìlì. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ta ni yín?"

"Ṣé o ò mọ̀ mí ni?"

"Òfin ni, mà," ayẹ̀wé-owó-wò ní.

"Ó dáa." Obìnrin náà nà ró. Ó dárúkọ ara rẹ̀, ó dárúkọ bàbá rẹ̀. "Kọ́ńdọ́kítọ̀ ni bàbá mi. Bọ́ọ̀sì kẹsàn-án, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kò dá ẹnikẹ́ni dúró rí nítorí owó. Ẹ̀rí mi rè é." Ó yọ tíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan nínú báàgì. Ihò ìràwọ̀ wà láàárín rẹ̀.

Alága gba tíkẹ́ẹ̀tì náà, ó gbé e sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. "Bàbá oníràwọ̀!" ó ní. "Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé, ọkọ̀ yìí ni mo máa ń wọ̀. Ọjọ́ kan wà tí mo ti fi owó ọkọ̀ ra sítáǹbù. Wọ́n ní kí n jókòó ná. Bí ọkọ̀ ṣe dúró ni mo bẹ́ sílẹ̀, mo sá lọ." Ó sọ orúkọ tí wọ́n ń pè é nígbà náà.

"A mọ̀, mà," ẹ̀gbọ́n ní. "Wọ́n máa ń dárúkọ yín nílé."

Alága rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọ̀pá mú. Lẹ́yìn náà, ó wo orúkọ onígóòlù tó wà lára ògiri. Ó wo Ẹ-Dìde. Ẹ̀rín lọ.

"Ọmọ bàbá kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì?"

Ẹ-Dìde la ẹnu, bíi ti dókítà eyín.

"Bó o bá ti sọ lọ́jọ́ tó o wá gbaṣẹ́ pé ọmọ ọkùnrin yẹn ni ọ́," Alága ní, "mi ò bá má sùn. Ẹni tó lè gbowó odindi ọkọ̀ láìdá ẹnikẹ́ni dúró ni mo ń wá. Ọwọ́ rẹ ló wà látọjọ́ yìí, o fi ọ̀dà bò ó mọ́lẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n sanwó. Ẹ-Dìde fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà á, nítorí òfin kẹfà. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹ̀mú fún un. Ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n lu agogo nìyẹn.

Kí ọjọ́ náà tó parí, wọ́n ti ká kápẹ́ẹ̀tì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìkànnì ti gba káàdì, ó ti gba owó láti báńkì, ó ti gba kí èèyàn pín in san lẹ́ẹ̀mẹta tòun ti ṣòkòtò ìsùn. Dókítà eyín gba ímeèlì àforíjì. Bẹ́ẹ̀-ni-Sà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ha ọ̀dà góòlù kúrò lára ògiri, ó ń sọ fún Alága pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Wọ́n ní kí Bọ́tìnì yàn: kó máa lọ sílé, tàbí kó jókòó ti fóònù nísàlẹ̀, kó máa ran àwọn tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sanwó lọ́wọ́. Ó ní òun fẹ́ ronú sí i.

Ní ọ̀sán Sátidé, òjò ń rọ̀. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìwọ kóòtù. Obìnrin náà wà nídìí tábìlì, ó ń fi aṣọ nu ẹ̀mú. Omi ń kán sínú bàsíà.

"Ẹ̀gbọ́n mi." Ó na àpòòwé kan síwájú. "Owó tí mo fẹ́ fi rà á nìyí. Ẹ fi tún òrùlé ṣe."

Obìnrin náà kò wo àpòòwé. "Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ dà?"

"Tíkẹ́ẹ̀tì wo?"

"O fẹ́ wọlé, àbí o ò fẹ́?"

Ó tú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó tú ti ṣòkòtò. Kò sí ìwé kankan lára rẹ̀ àfi ọ̀kan tí ó ká pọ̀ ní mẹ́rin: Òfin Mẹ́tàlá Ìsanwó, tòun ti òǹtẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbà á, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó wá ibi tí ó wù ú láàárín rẹ̀, ó fi ẹ̀mú há a, ó tẹ̀ ẹ́. Ó dún bó ṣe máa ń dún. Ìràwọ̀ kékeré kan jábọ́ sílẹ̀.

Ó dá ìwé padà fún un.

"Owó náà ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi? Ọwọ́ mi ló ṣì wà."

"Jókòó ná," obìnrin náà ní, ó fi ẹsẹ̀ sún àga sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàsíà. "Owó á dé."